Ìwé Ọmọdé ní Èdè Yorùbá: Ìdùnnú àti Ìnira Òǹkọ̀wé àti Olóòtú

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé ẹni tí ó bá lè kọ ìwé fún àgbà kò níí làágùn kí ó tó kọ ti ọmọdé. Lójú wọn, ìwé ọmọdé kò ju ìwé àgbà tí a gé kúrú lọ: kí a dín ojú-ewé rẹ̀ kù, kí a ya ajá àti ológbò sí i, ó parí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti dán iṣẹ́ náà wò rí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àgbàlagbà tí ó ra ìwé tí kò yé e yóò máa bá a jìjàkadì. Owó rẹ̀ ti bá a lọ, kò sì fẹ́ kí a pe òun ní òpè. Ọmọdé kò mọ irú ìtìjú bẹ́ẹ̀. Bí ojú-ewé kìn-ín-ní kò bá fà á mọ́ra, yóò pa ìwé dé, yóò sì bá eré rẹ̀ lọ. Kò sí adájọ́ tí ó le tó o, kò sì sí ẹ̀bẹ̀ tí a lè bẹ̀ ẹ́ tí yóò fi yí ìdájọ́ rẹ̀ padà.

Nínú gbogbo orúkọ tí a ti sọ ìwé ọmọdé ní ilẹ̀ Yorùbá, kò sí èyí tí ó sọ òfin iṣẹ́ náà jáde tó Aláwìíyé, orúkọ tí J. F. Ọdúnjọ fún ọ̀wọ́ ìwé kíkà rẹ̀. Ẹni tí ń wí tí ó sì ń yé ni ni aláwìíyé. Ọdúnjọ kò fi ọgbọ́n tàbí ìmọ̀ pe ìwé náà. Yíyé ni ó fi pè é. Òṣìṣẹ́ méjì ni iṣẹ́ yìí sì ní: òǹkọ̀wé ni ó ń wí, olóòtú ni ó ń ṣọ́ ọ bí ó bá ń yé ni. Ìdùnnú àti ìnira àwọn méjèèjì ni àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ ṣàlàyé, àti bí ó ti jẹ́ pé ilé-ìwé tí ó tọ́ ìwé ọmọdé dàgbà ni ó tún so ó mọ́lẹ̀.

BÍ ILÉ-ÌWÉ TI TỌ́ Ọ DÀGBÀ

Kí ìwé tó dé, ọmọ Yorùbá kò ṣàìní ohun tí ń kọ́ ọ ní èdè. Àlọ́ wà, oríkì wà, eré òṣùpá wà, ìbáwí ìyá àgbà sì wà pẹ̀lú òwe inú rẹ̀. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ènìyàn ní kíkà, ohun tí ó jẹ wọ́n lógún ni kí ọmọ ìjọ lè ka Bíbélì. Ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Èkó ní ọdún 1875 fi ẹsẹ̀ àkọtọ́ múlẹ̀, ìwé ABD tí wọ́n sì fi kọ́ ọmọ dà bí àtẹ̀gùn: a gùn ún láti dé ibòmíràn ni, a kò dúró lórí rẹ̀ láti gbádùn.

Nígbà tí ó yá, iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn olùkọ́ tí í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí. Ọdúnjọ kọ Aláwìíyé ní ìpele-ìpele títí dé Ìwé Kẹfà. D. O. Fágúnwà, ẹni tí CMS tẹ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ fún ní ọdún 1938, darapọ̀ mọ́ L. J. Lewis láti kọ Táíwò àti Kẹ́hìndé, ìwé kíkà fún àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ lẹ́tà. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé ìwé méjèèjì yìí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ọkùnrin kan náà tí gbólóhùn rẹ̀ nínú ìwé ọdẹ gùn bí okùn ìfàmi, tí ó ń fa àfiwé lé àfiwé, ni ó tún jókòó láti kọ gbólóhùn tí ọmọ ọdún mẹ́fà lè kà tán kí ó tó mí. Kì í ṣe ìtúnlẹ̀ fún òǹkọ̀wé ńlá láti ṣe bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ mìíràn ni, ó sì ní ọgbọ́n tirẹ̀.

Ní ọjọ́ 17, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé wọ̀nyí ní ọdún 1954 jẹ́ 456,600. Nígbà tí ó di ọdún 1955 wọ́n ti di 811,432. Ọmọ tí ó lé ní 350,000 ni ó wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo wọn ni ó sì ń fẹ́ ohun tí wọn yóò kà. Ní ọdún kan náà ni Fágúnwà bọ́ sí ẹ̀ka ìwé títẹ̀ ti Iléeṣẹ́ Ẹ̀kọ́ ní Ìbàdàn, ó sì wà níbẹ̀ títí di ọdún 1959. Ẹ̀ka yìí ni ó ń tẹ Àwòrẹ́rìn-ín, ìwé àtìgbàdégbà fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Láti ibẹ̀ ni ó ti lọ sí iléeṣẹ́ Heinemann, iṣẹ́ tí ó ń ṣe títí ó fi kú ní oṣù Kejìlá ọdún 1963 nìyẹn. Ẹni tí a mọ̀ sí òǹkọ̀wé yìí lo apá tí ó kẹ́yìn ayé rẹ̀ nídìí ìwé àwọn ẹlòmíràn.

OHÙN TÍ Ó YẸ KÍ Ó WÀ NÍNÚ ÌWÉ

Ìnira kìn-ín-ní tí ó bá òǹkọ̀wé ni pé apàlọ́ ni ó fẹ́ fara wé, ṣùgbọ́n kò ní olùgbọ́ níwájú. Apàlọ́ ń wo ojú àwọn ọmọ. Bí oorun bá ń kun wọn, yóò dá orin sílẹ̀. Bí ẹ̀rù bá ń ba èyí tí ó kéré jù, yóò mú kí Ìjàpá ṣubú yakata kí ẹ̀rín lè sọ. Òǹkọ̀wé jókòó ti bébà lásán. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ àlọ́ tí a gbé dé iwájú olóòtú ṣe dà bí egungun ẹran tí a ti ha ẹran ara rẹ̀ jẹ: Ìjàpá jalè, wọ́n mú un, wọ́n nà án, ó tán. Orin ti bọ́ sọnù, ìbéèrè ti bọ́ sọnù, àwítúnwí tí ọmọ ń retí tí ó sì ń bá apàlọ́ wí ti di ohun tí a fà igi lé nítorí àyè. Bẹ́ẹ̀ ni àwítúnwí náà gan-an ni ó ń kọ́ ọmọ ní kíkà. Nígbà tí ó bá pàdé gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀kẹta, ojú rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n, ẹnu rẹ̀ sì ti ń sáré ṣíwájú ojú.

Ìnira kejì ni ti ẹ̀kọ́ ìwà. Olùkọ́ fẹ́ kí ìtàn kọ́ ọmọ ní ìwà rere, kò sì ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn òǹkọ̀wé mìíràn bẹ̀rù Ìjàpá débi pé wọ́n sọ ọ́ di ọmọlúwàbí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìjàpá tí kì í ṣe ọ̀kánjúwà, tí kì í parọ́, tí kì í ta ọgbọ́n àrékérekè, ti kú. Ọmọ mọ̀ pé olè ni Ìjàpá. Ó ń rẹ́rìn-ín sí i, síbẹ̀ kò fẹ́ kí a fi òun wé e. Ẹ̀rín yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́. Àwọn tí ó bá ka Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá tí Adébóyè Babalọlá kó jọ yóò rí i pé àwọn àgbà kò fi ìwà Ìjàpá pamọ́ fún ọmọ.

Ìnira kẹta ni gígùn gbólóhùn. Bí òǹkọ̀wé bá kọ ọ́ pé, “Nígbà tí Àjàó, ọmọ alágbẹ̀dẹ tí ilé rẹ̀ wà létí odò, dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ tí ó ń ta ẹ̀kọ ní ọjà, ó rí i pé ewúrẹ́ kan ti ń jẹ ewé ẹ̀kọ,” ọmọ ti sọnù kí ó tó kan ewúrẹ́. Bí olóòtú bá sì gé e pé, “Àjàó ni èyí. Àjàó lọ. Àjàó rí ewúrẹ́,” ó ti yé ọmọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀nà wà láàárín: “Àjàó sáré dé ọjà. Kí ni ó rí nídìí igbá ìyá rẹ̀? Ewúrẹ́! Ewúrẹ́ ń jẹ ewé ẹ̀kọ, ìyá kò sì mọ̀.” Gbólóhùn kúrú, ṣùgbọ́n ohùn ènìyàn wà nínú rẹ̀.

Níbí ni ìdùnnú iṣẹ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí èdè Yorùbá ti ṣe ìdajì iṣẹ́ sílẹ̀ fún òǹkọ̀wé. Igi ga fíofío, aṣọ pupa fòò, eyín funfun báláú, òkùnkùn ṣú biribiri. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ń ya àwòrán fún etí. Ọmọ tí kò tíì lè ṣàpèjúwe ohunkóhun mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ohun tí ó já lulẹ̀ gbì àti èyí tí ó já lulẹ̀ pẹ̀ẹ́. Òǹkọ̀wé tí ó bá fi wọ́n sílẹ̀ nítorí pé kò sí irú wọn nínú ìwé Òyìnbó tí ó ń wò ti gbé oúnjẹ dídùn sílẹ̀ ó ń jẹ èèpo.

Ìwé Òyìnbó tí a túmọ̀ tún ní ewu mìíràn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ọmọ fi ń bá bàbá rẹ̀ àti ajá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí olùtumọ̀ kò bá sọ́ra, ọmọ inú ìwé yóò bi bàbá rẹ̀ pé, “Níbo ni o ń lọ?” Ọmọ tí ó ń ka ìwé náà yóò gbójú sókè, nítorí ó mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí òun bá dán irú rẹ̀ wò nílé. Ọ̀rọ̀ “ẹ” kan ṣoṣo tí olóòtú dá padà sí ipò rẹ̀ ti sọ ilé àjèjì di ilé Yorùbá.

ỌWỌ́ OLÓÒTÚ

Iṣẹ́ olóòtú kì í hàn bí ó bá dára. Ìgbà tí kò bá dára ni gbogbo ayé ń rí i. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni àmì ohùn. Àgbà lè ka ìwé tí kò ní àmì, nítorí ó ti mọ èdè tán kí ó tó mọ ìwé, ìrírí rẹ̀ ni ó ń fi dí àlàfo. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kà kò ní ìrírí náà. Kọ gbólóhùn yìí láìsí àmì lórí ọ̀rọ̀ tí ó kẹ́yìn: “Ìyá ń wá ọkọ.” Ṣé ọkọ́ tí yóò fi roko ni ìyá ń wá ni, àbí ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí ọjà, àbí ọkọ tí yóò fẹ́ ẹ? Ọmọ lè mú èyí tí ó wù ú, gbogbo kíláàsì yóò sì bú sẹ́rìn-ín. Ní ayé ìgbà tí a ń to lẹ́tà onírin níkọ̀ọ̀kan, àmì tí ó bọ́ lè jẹ́ ẹ̀bi ẹni tí ó to lẹ́tà. Ní ayé kọ̀ǹpútà, lẹ́tà mìíràn ń ju àmì rẹ̀ nù bí a ti ń gbé iṣẹ́ láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn. Olóòtú tí ó ti fi àmì sí i lẹ́ẹ̀kan ní láti tún un wò lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta, ojú a sì máa ro ó.

Àkọtọ́ ni ìṣòro tí ó tẹ̀lé e. Ìgbìmọ̀ jókòó lé e lórí ní ọdún 1966, nígbà tí ó sì di ọdún 1974 ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun. “Aiye” di “ayé”, “ẹiyẹ” di “ẹyẹ”, “onjẹ” di “oúnjẹ”, “nwọn” di “wọ́n”. Àǹfààní rẹ̀ hàn gbangba, nítorí a ń kọ ohun tí ẹnu ń pè. Ṣùgbọ́n ìwé ọmọdé kì í kú pẹ̀lú ọmọ kan. Ẹ̀gbọ́n ní í fi í sílẹ̀ fún àbúrò. Ọmọ tí olùkọ́ rẹ̀ kọ “ayé” sójú pátákó padà dé ilé, ó rí “aiye” nínú ìwé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì rí “aiye” nínú Bíbélì bàbá rẹ̀. Aláwìíyé pàápàá ní láti gba àtúnṣe kí ó lè bá àkọtọ́ tuntun mu, ìwé tí a kò sì rí owó tún tẹ̀ di ohun ìgbàgbé, bí ó ti wù kí ó dùn tó.

Ẹ̀ka-èdè náà wà níbẹ̀. Ọmọ tí a ń pe ẹ̀wà ní erèé nílé wọn kò níí mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ohun tí òun jẹ ní àárọ̀ ni ó wà nínú ìwé. Kò ṣeé ṣe kí a kọ ìwé fún ìlú kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n àwòrán lè ràn wá lọ́wọ́ níbẹ̀, bí ayàwòrán bá ka ìtàn kí ó tó yà á. Ìwé tí ó sọ pé ìyá pọn ọmọ sẹ́yìn, tí àwòrán rẹ̀ sì gbé ọmọ náà sínú kẹ̀kẹ́, ti fi ẹnu méjì sọ̀rọ̀.

Ìwé ìṣirò ni ó dán olóòtú wò jù lọ. Ọmọ rí 1 àti 6 nínú 16, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ń sọ pé ẹẹ́rìndínlógún, èyí tí í ṣe 4 kúrò nínú 20. Ó rí 4 àti 5, ẹnu rẹ̀ ń yọ 5 kúrò nínú 50: márùn-ún-dín-láàádọ́ta. Òǹkọ̀wé tí ó bá fi èyí pamọ́ ń tan ọmọ. Ẹni tí ó bá fi í ṣe eré, tí ó sọ fún ọmọ pé orúkọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣirò fúnra rẹ̀, ti sọ ẹrù di ìṣúra.

ÌGBÀ DÍDÙN ÀTI ÌGBÀ KÍKAN

Bóyá ìgbà tí ó dára jù fún irú iṣẹ́ yìí ni ọdún 1970 sí 1978, nígbà tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ṣe ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà lórí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ilé-ìwé St. Stephen's “A” ní Mọdákẹ́kẹ́, Yorùbá ni a fi kọ́ àwọn ọmọ ìdánwò ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, a sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lára ẹ̀kọ́. Iṣẹ́ náà kò lè lọ láìsí ìwé, ìwé kò sì sí. A ní láti kọ ti ìṣirò, ti sáyẹ́ǹsì, ti ẹ̀kọ́ àwùjọ, kí a sì wá ọ̀rọ̀ fún ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ fún ọmọdé rí. Nígbà tí a wo àbájáde rẹ̀, àwọn ọmọ wọ̀nyí kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ nínú àwọn ẹ̀kọ́ yòókù.

Ìgbà kíkan kò pẹ́ dé. Láti ọdún 1986, nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀-ajé mú kí náírà já wálẹ̀, bébà àti yíǹkì tí a ń rà lókè òkun di ọ̀wọ́n gógó. Àwọn atẹ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé ìwé yìí wà lára èyí tí ìjọba yàn fún ilé-ìwé? Bí kò bá sí níbẹ̀, a kò níí tẹ̀ ẹ́. Èyí tí a bá sì tẹ̀, tí ó tà, àwọn olè atẹ̀wé yóò tún un tẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, òǹkọ̀wé kò níí rí kọ́bọ̀.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti fojú hàn. Nítorí pé ilé-ìwé nìkan ni ọjà, ìwé tí ilé-ìwé ń fẹ́ nìkan ni ó ń jáde. Ìwé àkọ́kà pọ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́fà, ìwé àkàyege wà fún ọmọ girama, ṣùgbọ́n ọ̀gbun wà láàárín. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ó ti ka Aláwìíyé tán kò tíì lè wọ Igbó Irúnmalẹ̀. Irú ìwé bí Kúyẹ̀ àti Ọmọ Òkú Ọ̀run tí Ọdúnjọ kọ ní ọdún 1964, ìtàn ọmọ tí ọmọ lè bá kẹ́dùn, kò pọ̀ tó láti fi ṣe afárá. Nígbà tí ọmọ náà bá dúró létí ọ̀gbun tí kò rí ibi ẹsẹ̀ tẹ̀ sí, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò yà sí, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń padà wá.

Òfin ìjọba pẹ̀lú ń lọ, ó ń bọ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, a fagi lé e, Gẹ̀ẹ́sì sì padà sí ipò rẹ̀. Òǹkọ̀wé tí ó bá ti gbára lé òfin kìn-ín-ní láti bẹ̀rẹ̀ ìwé kò tíì lè kọ ọ́ dé ìdajì kí èkejì tó bá a.

OHUN TÍ Ó KÙ LÁTI ṢE

Kì í ṣe pé kí a kọ ilé-ìwé sílẹ̀. Ẹni tí ó gbé ni sẹ́yìn kọjá odò kì í ṣe ẹni ẹ̀gàn. Ṣùgbọ́n ìwé tí ó dúró lórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, bí ẹsẹ̀ náà bá yẹ̀, yóò ṣubú. Ẹsẹ̀ kejì ni ilé, níbi tí òbí ti ń ka ìwé sí ọmọ létí láìsí ìdánwò lẹ́yìn rẹ̀. Ìwé tí yóò wọ ilé gbọ́dọ̀ dùn kí ó tó wúlò.

Iṣẹ́ yìí kan àwọn olùkọ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá ju ẹnikẹ́ni lọ. Olùkọ́ tí ó ní ọgbọ̀n ọmọ níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́ ní ohun tí atẹ̀wé kò ní: ó lè ka ìtàn tí a kò tíì tẹ̀ sí wọn létí, kí ó sì sàmì sí ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú fèrèsé. Ibẹ̀ ni àṣìṣe wà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ́ nípa ohùn àti ìró ní yunifásítì lè fi ìmọ̀ náà yẹ àmì orí ìwé ọmọdé kan wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, iṣẹ́ tí kò ní ìyìn, ṣùgbọ́n tí yóò gba ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́wọ́ ìdààmú. Àwọn tí ó ní ẹ̀bùn ìtàn lè kọ ọ̀kan ṣoṣo fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ó dúró létí ọ̀gbun.

Kékeré ni a ti ń pa ẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Òwe náà ní òdì kejì tí ó bá ọ̀rọ̀ yìí mu: kékeré náà ni a ti ń bomi rin igi tí a bá fẹ́ kí ó dàgbà. Ọmọ tí ó bá rí ìwé Yorùbá kan tí ó dùn mọ́ ọn kí ó tó pé ọdún mẹ́wàá yóò máa wá èkejì rẹ̀ kiri títí ayé rẹ̀.